Nóòtù Bàbá

Ọjọ́rú, Kàbà. Aago mọ́kànlá alẹ́ ti lù.

Ẹ jẹ́ n yáa kọ ọ́ báyìí, torí tó bá fi máa di àárọ̀, gbogbo nǹkan tí dọ́kítà sọ ti máa dàrú mọ́ mi lórí. A ti Lọ́kọ́jà dé nǹkan bí aago mẹ́fà àbọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta la dúró lọ́nà kí Bàbá lè tọ̀, ìkẹta yẹn bá a ṣe kọjá Ọbàjànà ni, wọ́n dúró sẹ́bàá igbó níbẹ̀ pẹ́ títí, èmi àti dẹ́rẹ́bà kọ ẹ̀yìn sí wọn, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀.

Jẹjẹrẹ pírósítéètì ló ń ṣe Bàbá, ẹ̀yà ara ọkùnrin tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo ti mọ̀, àwa ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin la mọ̀, Bàbá nìkan la ò sọ fún.

Ó ti lé lọ́dún kan tó ti ń yọ wọ́n lẹ́nu. Ibi tá a kọ́kọ́ gbé wọn lọ, abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń gún lé abẹ́rẹ́, wọ́n ní ìtọ̀ ló dọ̀tí, ẹlòmíì ní jẹ̀dí-jẹ̀dí ni, àgbo ṣì wà nínú ìgò lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn bí mo ṣe ń kọ èyí. Kò sẹ́ni tó ní ká lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún PSA, nǹkan tí pírósítéètì máa ń tú sínú ẹ̀jẹ̀, tó sábà máa ń pọ̀ sí i tí jẹjẹrẹ bá wà níbẹ̀. Ó dùn mí, ó dùn mí gan-an ni. Àfìgbà tí ìtọ̀ dí pátápátá nínú oṣù kọkànlá, tí abẹ́ ìdodo wọn le gbandi, táwọn nọ́ọ̀sì wá ki rọ́bà bọ̀ ọ́ kó tó lè jáde, ìgbà yẹn la tó rí ẹni tó darí wa sọ́dọ̀ dọ́kítà tó mọ̀ nípa ẹ̀.

Hẹ́dímásítà ni Bàbá kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Látìgbà tí wọ́n ti yọ rọ́bà yẹn ni wọ́n ti ra nóòtù kékeré kan, wọ́n fi rúlà fa ìlà sí i, déètì lápá òsì, lápá ọ̀tún iye ìgbà tí wọ́n dìde lóru, igi kan fún ìdìde kan, tó bá di ìkarùn-ún wọ́n á fà á dábùú mẹ́rin tó ṣáájú. Òru tó burú jù, igi mẹ́sàn-án. Dọ́kítà gba nóòtù yẹn lónìí, ó ń ṣí i ní ewé kọ̀ọ̀kan, ó bọ́ awò ojú ẹ̀, ó ní, "Bàbá, kò sẹ́ni tó kọ irú èyí wá fún mi rí." Bàbá gbà á padà, wọ́n tì í sápò agbádá.

Ìgbà yẹn ni dọ́kítà wá yíjú sí mi, ó ní ṣé a ti sọ èsì fún wọn. Mi ò lè dáhùn. Ó ní, "Ta ló lara?" Bàbá ló gbẹnu mi sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Má bá a wí, dọ́kítà. Bí wọ́n ṣe ń jáde lọ síta gbé fóònù ni mo ti mọ̀ pé kì í ṣe jẹ̀dí."

Ojú tì mí.

Ó bá là á yé wọn. PSA wọn 46, ó ní ti ọ̀pọ̀ ọkùnrin kì í kọjá 4. Ẹran tí wọ́n gé yẹ̀ wò, Gleason 8, ìyẹn òṣùwọ̀n bí jẹjẹrẹ náà ṣe le tó, wọ́n ń kà á láti 6 dé 10, tó bá ti tó 8 ó ń sáré nìyẹn. Ṣùgbọ́n wọn ò rí i nínú eegun, a dúpẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Àbújá ń pariwo láti ọjọ́ yìí pé ká ṣe iṣẹ́ abẹ ká yọ gbogbo ẹ̀ dànù, dọ́kítà ní òun ò ní gba ẹni ọdún 79 tó tún ní ẹ̀jẹ̀ ríru nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Àbúrò mi tó wà ní ìlú òyìnbó ní tiẹ̀ fi ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní ProtecT ránṣẹ́, tó jáde lọ́dún 2023, ó ní lẹ́yìn ọdún 15, àwọn tí wọ́n kàn ń ṣọ́ àtàwọn tí wọ́n tọ́jú, nǹkan bí 97 nínú 100 ni jẹjẹrẹ yẹn ò pa, kí ló dé tá a ń yọ Bàbá lẹ́nu? Mo béèrè. Dọ́kítà ní òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àwọn yẹn, ọmọ ọdún 50 sí 69 ni wọ́n nígbà tí ìwádìí bẹ̀rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fi tètè rí tiwọn, èyí tó pọ̀ jù ò sì le tó ti Bàbá rárá. Mo kọ ìyẹn sílẹ̀ kí n lè ka á fún un bó bá pè.

Ohun tó kù ni ìtànṣán, tí wọ́n máa fi ẹ̀rọ tàn sí i láti pa jẹjẹrẹ náà, láti Mọ́ńdè dé Fúráídè, ó lè tó ogún ìgbà tàbí jù bẹ́ẹ̀, Àbújá tàbí Ìbàdàn, kí wọ́n sì máa gba abẹ́rẹ́ mọ́ ọn. Tàbí abẹ́rẹ́ nìkan. Ó ní họ́mọ̀nù ọkùnrin ni jẹjẹrẹ yìí ń jẹ bí oúnjẹ, kóró ẹpọ̀n ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀, tá a bá ti ṣẹ́ oúnjẹ yẹn lẹ́nu ẹ̀, á súnkì. Abẹ́rẹ́ lè ṣe é, lóṣooṣù tàbí oṣù mẹ́ta mẹ́ta, lábẹ́ awọ ikùn. Iṣẹ́ abẹ kékeré náà lè ṣe é, kí wọ́n yọ kóró méjèèjì, ẹ̀ẹ̀kan péré, owó ẹ̀ ò sì tó ti abẹ́rẹ́.

Bàbá ní, "Ẹ fẹ́ tẹ̀ mí lọ́dàá."

Èmi ọmọ obìnrin, mi ò mọ ibi tí màá kọjú sí. Dọ́kítà ò rẹ́rìn-ín o, ó ní kì í ṣe nǹkan tuntun, ọdún 1941 ni dọ́kítà kan tó ń jẹ́ Charles Huggins ti fi hàn ní Chicago, ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1966. Bàbá gbójú sókè, wọ́n ní 1966 làwọn jáde ní tíṣà kọ́léèjì.

Bá a ṣe délé, àwọn aládùúgbò ń wọlé, Ọkùn o, Ọkùn o Bàbá, wọ́n rò pé ojú la lọ yẹ̀ wò. Lẹ́yìn tí gbogbo wọn lọ ni Bàbá jókòó síbi ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ń wo ewúrẹ́. Wọ́n ní nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé, àwọn làwọn máa ń di ẹsẹ̀ òbúkọ mú tí bàbá àwọn bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́. "Á sanra, kò ní jà mọ́, kò ní jìnnà sílé. Ṣùgbọ́n ta ló bi í? Èmi, ẹ bi mí." Mi ò mọ ìgbà tí omi bọ́ lójú mi. Màámi dáhùn láti ilé ìdáná, wọ́n ní, "Ọmọ mẹ́rin tó mi. Ẹni tó máa bá mi jókòó ni mò ń wá."

Bàbá ò fèsì. Wọ́n ní kí n mú báírò wá, wọ́n ṣí nóòtù sẹ́yìn, wọ́n ń sọ ìbéèrè, mò ń kọ. Tí ara bá kọ abẹ́rẹ́, ṣé a lè dá a dúró, torí ohun tí wọ́n bá ti gé ò ṣeé rán padà. Eegun tí dọ́kítà ní ó lè fúyẹ́, ṣé àwọn á ṣì lè rìn dé oko kajú. Àyà tó lè wú, ooru tó lè máa mú wọn lójijì bí obìnrin tí nǹkan oṣù ẹ̀ ń dáwọ́ dúró, ṣé oògùn wà fún un. Àti ta ni yóò máa sanwó abẹ́rẹ́, torí ẹyọ kan ju pẹ́ńṣàn wọn lọ, wọn ò sì fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi ta ilẹ̀. Ìyẹn ni wọ́n pẹ́ lé lórí jù.

Bicalutamide, oògùn tó ń dí họ́mọ̀nù yẹn lọ́nà, tí dọ́kítà ní kí wọ́n kọ́kọ́ lò wà lórí tábìlì, torí abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ máa ń jẹ́ kí họ́mọ̀nù yẹn ru sókè ná kó tó lọ sílẹ̀. Wọn ò tíì ṣí i. Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la máa padà lọ, wọ́n ní kó tó di ìgbà yẹn àwọn á sọ èyí táwọn mú, kí ẹnikẹ́ni má pe àwọn lórí fóònù sọ ọ́. Mo ti fi ránṣẹ́ sáwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi bẹ́ẹ̀, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́.

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tún dún báyìí. Mo ń gbọ́ sálúbàtà wọn. Wọ́n ti wọlé, wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń wá báírò, ọwọ́ mi ló sì wà, ẹ jẹ́ n lọ gbé e fún wọn.