Ọdún 2025 lára ògiri ṣọ́ọ̀bù mi ní Kétu

Lálẹ́ àná, mo tú gbogbo ìwé tí mo lẹ̀ mọ́ ara ògiri ṣọ́ọ̀bù mi lọ́dún yìí sílẹ̀ lórí ẹní, mo sì kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Mọ́kànlélógójì ni wọ́n. Òjò ti ba méjì jẹ́, àmọ́ gbogbo wọn ṣì ṣeé kà.

Fún ẹni tí kò mọ̀ mí: iṣẹ́ fọ́tókópì àti ìwé títẹ̀ ni mò ń ṣe, lẹ́bàá ọ̀nà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbà lọ sí yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà nílùú wa. Ìròyìn ọgbà yẹn kì í pẹ́ dé ọ̀dọ̀ mi. Ọjọ́ ìdánwò, èsì, orúkọ àwọn tí yóò ṣe soutenance (ìyẹn ni kí akẹ́kọ̀ọ́ sọ iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀ tó máa bi í léèrè), ọjọ́ tí owó ìforúkọsílẹ̀ máa kásẹ̀ nílẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń gbé wá kí n tẹ̀. Èdè Faransé ni wọ́n fi ń kọ ọ́, torí òun ni èdè ìjọba lọ́dọ̀ wa ní Bẹ̀nẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ á kà á, á bá tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ìyá tó fi gàrí títà san owó ilé tí ọmọ náà ń gbé, iwájú ìwé kan náà ló máa dúró sí, tí á máa wo ẹnu mi. “Tàńtí, ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n kọ síbẹ̀ yẹn?” Ìbéèrè yìí ni mò ń dáhùn láti àárọ̀ dalẹ́, títí mo fi mú bírò tó nípọn lẹ́nu lọ́dún méjì sẹ́yìn, tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ̀rọ̀ náà ní Yorùbá gàdàgbà, tí mo ń lẹ̀ ẹ́ síta.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, aláago ló máa ń gbé ìkéde kiri àdúgbò wa. Á lu agogo, á dúró, á sọ ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì nítorí ẹni tó wà lẹ́yìnkùlé, kó tó kọjá sí ìta míì. Ohun tí mo fẹ́ kí ògiri mi jẹ́ fún ará Kétu nìyẹn.

Ọdún 2013 ni wọ́n dá yunifásítì yìí sílẹ̀, orúkọ ìlú wa ni wọ́n sì fi sọ ọ́: Université d'Agriculture de Kétou. Lọ́dún 2016 tí ìjọba kó yunifásítì ìjọba méje pọ̀ di mẹ́rin, ó di Université Nationale d'Agriculture. Ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ wà ní Kétu níbí, ó wà ní Sàkẹ́tẹ́, ó sì wà ní Adjohoun níbi tí wọ́n ti ń kọ́ nípa ẹja sísìn. Mo mọ àwọn àgbà kan nílùú yìí tí wọn kò tíì fẹsẹ̀ tẹ inú ọgbà náà láti ọdún méjìlá yìí wá. Àgbẹ̀ sì ni wọ́n, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe lójoojúmọ́ ni wọ́n ń kọ́ ọmọ níbẹ̀. Ó máa ń dùn mí.

Ìwé tí mo fẹ́ràn jù nínú mọ́kànlélógójì yẹn kò ju ìlà mẹ́rin lọ. “Lọ́la, aago mẹ́sàn-án àárọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ kan yóò sọ ohun tó rí nípa kòkòrò tó ń jẹ ọkàn àgbàdo. Ẹnikẹ́ni ló lè wọlé jókòó gbọ́. Ọ̀fẹ́ ni.” Ọ̀pọ̀ ènìyàn nílùú ni kò mọ̀ pé gbangba ni wọ́n ń ṣe soutenance. Wọ́n rò pé ìgbẹ́jọ́ ni, pé ọmọ náà ti ṣẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bi í léèrè níwájú ìgbìmọ̀. Àbúrò bàbá mi ka ìwé yẹn, tàbí kí n sọ pé ọmọ rẹ̀ kà á sí i létí, ó wọ agbádá, ó sì lọ.

Kòkòrò náà jẹ àgbàdo rẹ̀ bàjẹ́ lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn débi pé gbèsè ló fi rà oúnjẹ. Amẹ́ríkà ni kòkòrò náà ti wá. Ọdún 2016 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i nílẹ̀ Áfíríkà, orílẹ̀-èdè wa sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kàn, àwa àti Nàìjíríà àti Tógò àti São Tomé. Ní gbogbo àkókò tí ọmọ náà fi sọ̀rọ̀, àbúrò bàbá mi jókòó sẹ́yìn, kò gbọ́ Faransé, kò sì dìde. Nígbà tí wọ́n parí, ó lọ dúró de ọmọ náà níta. Ọmọ Parakou ni, kò gbọ́ Yorùbá. Ni wọ́n bá wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, mo ti ilẹ̀kùn, mo sì di ògbufọ̀.

Ọmọ náà ní òru ni ìyá kòkòrò náà, tó dà bí labalábá, ń yé ẹyin sára ewé. Tí ẹyin bá pa, àwọn ọmọ rẹ̀ á wọ inú ọkàn àgbàdo lọ sá pamọ́ síbẹ̀. Nígbà tí àgbẹ̀ bá fi máa rí ìgbẹ́ wọn tó dà bí ìyẹ̀fun pákó, wọ́n ti wọlé jìnnà, oògùn tó bá fọ́n kì í fi bẹ́ẹ̀ kàn wọ́n mọ́. Nítorí náà, ìgbà tí àgbàdo kò tíì ga dé orúnkún ló yẹ kéèyàn ti máa yẹ̀ ẹ́ wò, kó máa fọwọ́ fọ́ ẹyin wọn. Ó ní àmì kan wà níwájú orí kòkòrò náà tó dà bí lẹ́tà Y tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Ibẹ̀ ni mo há sí, torí àbúrò bàbá mi kò mọ Y. Mo yà á sórí ilẹ̀. Ó wò ó, ó ní, “Igi rọ́bà tí àwọn ọmọdé fi ń ta ẹyẹ nìyẹn, tí wọ́n dorí rẹ̀ kodò. Mo ti rí i.” Ó wá sọ fún ọmọ náà pé eérú ni àwọn máa ń bu sínú ọkàn àgbàdo. Ọmọ náà sì yọ ìwé jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi í: eérú igi wo, ẹ̀kúnwọ́ mélòó, ṣé ìrì ti gbẹ lára ewé kẹ́ ẹ tó bù ú? Ó lé ní wákàtí kan kí wọ́n tó dìde. Inú mi kò dùn tó bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí mo ti ṣí ṣọ́ọ̀bù yẹn.

Ìwé tí kò sí lórí ẹní ló ń dùn mí jù.

Lẹ́yìn tí èsì BAC, ìdánwò àṣejáde ilé ẹ̀kọ́ girama, jáde, ọjọ́ wà tí ìforúkọsílẹ̀ fún yunifásítì máa parí. Ẹ̀rọ mi bàjẹ́ lákòókò yẹn, mo sì lọ sí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) lọ wá irú èyí tó bàjẹ́ lára rẹ̀. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo sùn fún ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n fi ọjọ́ náà ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù, mo rí i, mo ní tí mo bá délé ni màá kọ ọ́. Nígbà tí mo dé, ó ti kọjá. Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni ìyá kan wá láti apá Idigny pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Ó ti fi ọ̀rá we èsì ọmọ náà kí omi má bàa kàn án. Wọ́n ti kọ́kọ́ wá nígbà tí ṣọ́ọ̀bù wà ní títì, wọ́n wo ògiri, wọn kò rí nǹkan kan níbẹ̀, wọ́n padà sílé pé àyè ṣì wà.

Kò sí ẹlòmíràn tí mo fẹ́ di ẹ̀bi yìí rù. Ọ̀rọ̀ náà wà lọ́wọ́ mi, mo sì sùn lé e. Ìyá náà kò pariwo. Ó ní, “Kò burú, Tàńtí, a ó tún padà wá lọ́dún tó ń bọ̀.” Ìyẹn ló mú un nira fún mi. Ní ọjọ́ kejì mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí ọmọ náà máa wá bá mi ṣiṣẹ́, kí n máa san owó fún un títí àyè á fi tún ṣí. Láti ìgbà náà ló ti wà pẹ̀lú mi. Ó ti yára tẹ̀wé jù mí lọ.

Ti ẹ̀rọ: mo ti san ìdajì gbèsè rẹ̀. Ara mi dá, a dúpẹ́.

Ọdún tó ń bọ̀ wá ńkọ́? Lọ́jọ́ Àìkú, ọjọ́ 11 oṣù kìíní 2026, ni ìdìbò àwọn aṣòfin àti ti àwọn ìgbìmọ̀ ìlú, ti ààrẹ yóò sì wà lọ́jọ́ 12 oṣù kẹrin. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló máa lọ dìbò nílé. Mo ti sọ fún àwọn ìyá olóńjẹ tó wà lẹ́nu ọ̀nà, torí ìrẹsì tí wọ́n bá sè nígbà tí ọgbà dá, inú owó wọn ló ti jáde. Ìdánwò sẹ́mẹ́sítà kìíní àti àwọn soutenance tó kù yóò tẹ̀ lé e. Kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé, mo fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta tó ṣiṣẹ́ lórí àgbàdo, sóyà àti ẹ̀gẹ́ wá jókòó pẹ̀lú àwọn àgbẹ̀ lọ́jọ́ ọjà kan. Méjì ti gbà. Ẹ bá mi wá ẹnì kẹta, kó gbọ́ Yorùbá tàbí kó má gbọ́, màá ṣe ògbufọ̀.

Nígbà tó bá sì di ìgbà ìforúkọsílẹ̀, ìwé nìkan kò ní tó. Màá gba ohùn mi sílẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn òbí lórí WhatsApp, màá fún àwọn oní-zémidjan, àwọn ọlọ́kadà, tó ń ná Idigny àti Okpometa ní ẹ̀dà, màá sì bẹ lémọ́mù àti pásítọ̀ kí wọ́n kà á síta. Bí mo bá rìnrìn àjò, kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù á wà lọ́wọ́ ọmọ yẹn.

Láàárọ̀ yìí ló kọ ìwé àkọ́kọ́ ti ọdún tuntun. Ọjọ́ ìdìbò ló wà lórí rẹ̀, ó fi àmì ohùn sórí gbogbo ọ̀rọ̀. Nígbà tó parí, ó tún mú páálí míì, ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Mo ní ta ló fẹ́ fún. Ó ní òun fẹ́ gbé e lọ sí Idigny.