"Ta Ló Mọ̀ Ọ́ Níbí?": Ìpadàsẹ́nu-iṣẹ́ Obìnrin ní Nàìjíríà àti ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ní oṣù tó kọjá, àbúrò mi obìnrin fi ohùn ránṣẹ́ sí mi láti Nàìjíríà. Ó ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ìtúpalẹ̀ dátà lẹ́yìn ọdún mẹ́rin tó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ọmọ, ẹ̀kọ́ náà sì ń ni ín lára. Ó ní: "Ẹ̀gbọ́n mi, ti yín dára. Ìjọba ń kọ́ yín lọ́fẹ̀ẹ́, iṣẹ́ sì ti ń dúró dè yín kí ẹ tó parí. Ẹ ò lè mọ ohun tí ojú wa ń rí níbí." Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì, mo sì gbé fóònù sílẹ̀ láìfèsì, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà dùn mí débi pé bí mo bá dá a lóhùn lọ́jọ́ náà, n óò sọ ohun tí kò yẹ kí ẹ̀gbọ́n sọ sí àbúrò. Èsì náà ni mo ń kọ sílẹ̀ yìí, fún òun àti fún àwọn obìnrin mìíràn tí wọ́n ti bi mí ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Èmi náà fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ọmọ. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi ṣiṣẹ́ ní báńkì kan ní Nàìjíríà. Nígbà tí mo bí ọmọ mi kejì ní 2016, ọ̀sẹ̀ 12 ìsinmi ìbímọ tí òfin fún wa parí kí ọmọ náà tó lè jókòó, mo sì kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ọdún kan péré ni mo rò pé n óò lò nílé. Ní 2019, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ Python, èdè tí a fi ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà, àti SQL, èdè tí a fi ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ àkọsílẹ̀ inú kọ̀ǹpútà, pẹ̀lú obìnrin méjì mìíràn, mo sì ń wá iṣẹ́. Ọmọ kẹta dé ní 2020. Ní ìparí 2022, a kó wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí físà iṣẹ́ ọkọ mi, ní 2023 mo kọ́ iṣẹ́ àyẹ̀wò sọ́fítíwíà, ìyẹn yíyẹ ètò kọ̀ǹpútà wò bóyá ó ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, níbí, mo sì wọlé sẹ́nu iṣẹ́ ní 2024. Ọdún kan tí mo pè é ti di mẹ́jọ nígbà náà.

Ohun tó mú kí ẹ̀kọ́ nira ní Nàìjíríà, àbúrò mi mọ̀ ọ́n, ẹ̀yin náà sì mọ̀ ọ́n: iná tó ń lọ nígbà tí ẹ̀kọ́ bá ń yéni, dátà tó ń tán láàárín fídíò, kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tí ènìyàn mẹ́ta ń lò. N kò ní pẹ́ lórí wọn. N kò ní pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ọ̀fẹ́ náà pẹ̀lú, nítorí pé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kọ́ ló ya orílẹ̀-èdè méjèèjì sọ́tọ̀. Ètò 3MTT tí àbúrò mi wà nínú rẹ̀, èyí tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2023 láti kọ́ mílíọ̀nù 3 ènìyàn ní iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, ọ̀fẹ́ ni. She Code Africa, ẹgbẹ́ tí Ada Nduka Oyom dá sílẹ̀ ní 2016, ti ń ran àwọn obìnrin tó ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ kí n tó mọ ohun tí Python ń jẹ́. Àwọn ẹ̀kọ́ freeCodeCamp, ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì tó ń kọ́ni lọ́fẹ̀ẹ́ bí a ṣe ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, tó sì ti wà láti 2014, kò yàtọ̀ ní ibikíbi tí ènìyàn bá ti ṣí wọn. Ohun tí mo kọ́ nínú yàrá ọ̀rẹ́ mi ní Nàìjíríà ní 2019 ni mo tún bá pàdé níbí.

Ètò tí àbúrò mi gbọ́ ìròyìn rẹ̀ ni ìjọba ibí ń pè ní Skills Bootcamps. Kì í kọjá ọ̀sẹ̀ 16, ẹni tó ń wá iṣẹ́ kì í sanwó, wọ́n sì máa ń ṣètò ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò pẹ̀lú agbanisíṣẹ́ fún ẹni tó bá parí rẹ̀. Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ni wọ́n ṣèlérí. Wọn kò ṣèlérí iṣẹ́. Ibi tí àbúrò mi ti ṣi ọ̀rọ̀ náà gbọ́ nìyẹn, n kò sì bá a wí, nítorí pé èmi náà ṣì í gbọ́ kí n tó dé ibẹ̀.

Kí n tó lè jókòó ti ẹ̀kọ́ náà, mo ní láti mọ ibi tí ọmọ mi kẹta yóò wà. Ní Nàìjíríà, ìyá mi ni ìdáhùn sí ìbéèrè yẹn, a kò sì kọ̀wé kan kí ó tó gbé ọmọ. Níbí, ọmọ ọdún mẹ́ta ní ẹ̀tọ́ sí wákàtí 15 lọ́sẹ̀ ní jẹ́léósinmi láìsanwó, fún ọ̀sẹ̀ 38 nínú ọdún. Wákàtí 30 tí àwọn ènìyàn máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ wà fún àwọn òbí tó ti ń ṣiṣẹ́ gbowó. Obìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ kí ó lè padà sẹ́nu iṣẹ́ kò tíì jẹ́ òṣìṣẹ́ lójú ìwé, nítorí náà wákàtí náà kò kàn án, bẹ́ẹ̀ sì ni òun gan-an ló nílò rẹ̀ jù lọ. Ní ti àwa, ìdènà kejì tún wà: wọ́n kọ ọ́ sórí físà wa pé a kò gbọdọ̀ gba owó ìrànwọ́ ìjọba, ìdílé tí òbí méjèèjì bá sì wà lórí irú físà bẹ́ẹ̀ kò lè rí wákàtí 30 náà gbà, bí àwọn méjèèjì tilẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Wákàtí mẹ́ta lójúmọ́ ni mo ní, àti òru lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti sùn. Ọ̀pọ̀ ohun tí mo mọ̀ lónìí, lóru ni mo kọ́ ọ.

Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni kíláàsì náà wà. A tó 20 tí orúkọ wa ń hàn lójú kọ̀ǹpútà, gbogbo wa sì pa kámẹ́rà. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ ní Nàìjíríà, bí kóòdù mi, ìyẹn àṣẹ tí mo kọ fún kọ̀ǹpútà, bá kọ̀ láti ṣiṣẹ́, ẹni tó jókòó tì mí á bojú wò ó, á ní tòun náà ṣe bẹ́ẹ̀ lánàá. Bí kò tilẹ̀ mọ àtúnṣe rẹ̀, ọkàn mi á balẹ̀ pé kì í ṣe orí mi ni kò gbé e. Níbí, mo lè fi ọjọ́ méjì wo àṣìṣe kan ṣoṣo, kí n sì gbà nínú ara mi pé ọdún méje tí mo fi wà nílé ti jẹ nǹkan kan nínú ọpọlọ mi. Obìnrin tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ kì í rò bẹ́ẹ̀ bí kóòdù rẹ̀ bá kọ̀. Ìṣòro kóòdù ni yóò pè é.

Ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù kan ló fi ìdánìkanwà hàn mí bí mo ṣe mọ̀ ọ́n lónìí.

Mo yege ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ní oṣù Kejì ọdún 2024. Iléeṣẹ́ náà ní kí n máa yọ̀, ó ku àyẹ̀wò díẹ̀, wọ́n sì fà mí lé iléeṣẹ́ mìíràn tó ń yẹ ìtàn àwọn ènìyàn wò lọ́wọ́. Fọ́ọ̀mù wọn béèrè ohun tí mo ṣe ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn, láìgbọdọ̀ sí àlàfo tó ju ọjọ́ 28 lọ. Mo wo fọ́ọ̀mù náà títí. Gbogbo ọdún márùn-ún náà ni àlàfo. Báńkì tí mo ti ṣiṣẹ́ kò sí nínú ọdún tí wọ́n ń béèrè, nítorí náà ìwé ẹ̀rí rẹ̀ kò wúlò fún wọn. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé mo ń tọ́ ọmọ, mo sì ń kọ́ṣẹ́. Wọ́n dá a padà, wọ́n ní kí n mú ẹ̀rí wá.

Ẹ̀rí wo ni obìnrin ń mú wá pé òun tọ́ ọmọ? Mo fi ìwé ìbí àwọn ọmọ ránṣẹ́. Wọ́n ní ìyẹn fi hàn pé mo bí wọn, kò fi hàn pé èmi ni mo wà nílé pẹ̀lú wọn. Wọ́n wá ní kí n mú ènìyàn kan wá tí yóò jẹ́rìí mi: kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹbí mi, ó gbọ́dọ̀ máa gbé ní orílẹ̀-èdè yìí, ó sì gbọ́dọ̀ ti mọ̀ mí fún ọdún mẹ́ta ó kéré tán. N kò tíì lo ọdún kan àbọ̀ níbí nígbà náà. Ẹni tó mọ̀ mí jù níbí lẹ́yìn ọkọ mi ni olùkọ́ ọmọ mi, orúkọ ọmọ ló sì fi ń pè mí. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí ọ̀gá ilé ìwé tí àwọn ọmọ mi lọ ní Nàìjíríà jẹ́rìí. Wọ́n gbà, ọ̀gá náà sì kọ ìwé tó dára púpọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n tún kọ̀ ọ́, nítorí pé àdírẹ́sì ímeèlì tirẹ̀ ló fi ránṣẹ́, kì í ṣe ti iléeṣẹ́. Ilé ìwé náà kò ní èyí tí wọ́n ń pè ní ti iléeṣẹ́.

Lóròòru ni mo ń jókòó síwájú fọ́ọ̀mù yẹn tí mo ń ka orúkọ àwọn ènìyàn lórí ìka mi. Ta ló mọ̀ ọ́ níbí? Ohun tí ìwé náà ń bi mí gan-an nìyẹn, n kò sì ní ìdáhùn. Ní Nàìjíríà, àwọn tí ì bá ṣe onídùúró fún mi pọ̀, wọn ì bá sì fọwọ́ sí i kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Àmọ́ ní gbogbo ìgbà tí mo fi wá iṣẹ́ lọ́hùn-ún lẹ́yìn ọmọ, kò sẹ́ni tó bi mí dé ibi tí mo ti nílò wọn. N kò mọ èyí tó burú jù nínú méjèèjì. Lálẹ́ ọjọ́ wọ̀nyẹn, ti ibí ló burú jù lójú mi, nítorí pé iṣẹ́ náà wà níwájú mi tí mo ń wò ó.

Ní àsìkò yẹn ni mo ka ìtàn Stephanie Shirley. Ọmọ ọdún márùn-ún ni nígbà tí wọ́n kó òun àti àwọn ọmọ Júù mìíràn wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1939, láìsí òbí wọn, kí ọwọ́ ìjọba Násì má bàa tẹ̀ wọ́n. Ní 1962, ó dá iléeṣẹ́ kan tí ó pè ní Freelance Programmers sílẹ̀, ó sì ń gba àwọn obìnrin tó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ṣùgbọ́n tí wọ́n ti fi í sílẹ̀ nítorí ìgbéyàwó tàbí ọmọ. Nílé ni wọ́n ti ń ṣe é, pẹ̀lú ìwé, pẹ́ńsù àti tẹlifóònù. Nínú àwọn 300 àkọ́kọ́ tó gbà, ọkùnrin mẹ́ta péré ló wà níbẹ̀. Nígbà tí òfin 1975 tó fòfin de ìyàsọ́tọ̀ láàárín ọkùnrin àti obìnrin dé, ó di dandan fún un láti gba ọkùnrin sí i. Àwọn obìnrin náà wà lára àwọn tó ṣe ètò kọ̀ǹpútà fún ẹ̀rọ tó ń gba àkọsílẹ̀ ìrìn bàálù Concorde. Bí ó bá ń kọ lẹ́tà sí àwọn oníbàárà, "Steve" ló ń fi síbẹ̀ kí wọ́n lè dá a lóhùn. Mo sunkún nígbà tí mo kà á. Àjèjì ni òun náà, òun ló sì mọ̀ pé ohun tí obìnrin mọ̀ kì í parẹ́ nítorí pé ó ń tọ́ ọmọ. Ó dùn mí pé lẹ́yìn ọdún tó lé ní 60, mo ṣì ń wá ímeèlì tí yóò fi èyí hàn.

Ẹni tó gbà mí sílẹ̀ nígbẹ̀yìn ni obìnrin kan tó jẹ́ ọ̀gá mi ní báńkì, tí n kò mọ̀ pé òun náà ti kó wá síbí. Orí LinkedIn, ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń wá ara wọn, ni mo ti rí i. Ó fèsì ní alẹ́ ọjọ́ náà, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun mọ̀ mí láti 2009, pé òun mọ ìdí tí mo fi kúrò lẹ́nu iṣẹ́, àti pé ì bá wu òun kí báńkì dá mi dúró. Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ni gbogbo rẹ̀ gbà. Nínú oṣù Karùn-ún, mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ohun tó dára níbí pẹ̀lú, nítorí pé òun ló dá mi dúró. Láti ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin ọdún 2024, òfin fún òṣìṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ìyípadà sí wákàtí iṣẹ́ rẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́ tó wọlé. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní mi, mo béèrè pé kí n máa bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí mo bá ti mú àwọn ọmọ dé ilé ìwé. Wọ́n gbà, kò sì sẹ́ni tó wò mí bí ọ̀lẹ. Láti 2006 ni òfin ti ka fífi ọjọ́ orí dènà ẹni tó ń wá iṣẹ́ léèwọ̀. Ní Nàìjíríà, inú ìpolówó iṣẹ́ gan-an ni wọ́n ti ń kọ ọ́: kò gbọdọ̀ ju ọmọ ọdún 26 lọ, kò gbọdọ̀ ju 30 lọ. Ọmọ ọdún 35 ni mí ní 2019. Mo mọ SQL ju ọmọkùnrin tí wọ́n gbà sípò tí mo wá ní ọ̀kan nínú àwọn iléeṣẹ́ náà, ẹni tó bi mí ní ìbéèrè sì gbà bẹ́ẹ̀. Ó ní ọjọ́ orí mi ni kò bá ẹgbẹ́ wọn mu. N kò tíì gbàgbé ohùn rẹ̀. Nígbà tí àwọn ẹbí bá bi mí ìdí tí n kò fi kó ohun tí mo kọ́ padà wálé, ohùn yẹn ni mo máa ń gbọ́. Fọ́ọ̀mù ibí fi ìyà jẹ mí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án, ṣùgbọ́n ó ṣeé dáhùn, ẹni tó bá wá lẹ́yìn mi náà yóò sì lè dáhùn rẹ̀, nítorí pé èmi ti wà níbí láti jẹ́rìí. Ọjọ́ orí mi kò ní ìdáhùn. Mo ti di ẹni 41 báyìí. N kò lọ.

Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, mo pe àbúrò mi, mo sì sọ gbogbo èyí fún un láìfi ọ̀kan pamọ́. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kò sọ fún wa rárá." Òótọ́ ni, n kò sọ. Lẹ́yìn náà ló ní kí n jọ̀ọ́ kí n bá òun wo iṣẹ́ kan tí wọ́n fún wọn, pé òun so tábìlì méjì, ìyẹn àtẹ tí wọ́n to àkọsílẹ̀ àwọn ènìyàn sí, pọ̀ nínú SQL, iye ènìyàn sì di ìlọ́po méjì, òun kò sì mọ ibi tí àwọn yòókù ti wá. Mo ní kí ó kà á sí mi létí. Orúkọ ló fi so wọ́n pọ̀, kò lo nọ́ńbà ìdánimọ̀, àwọn méjì tó ń jẹ́ orúkọ kan náà sì ń wọ ara wọn. A tún un ṣe papọ̀, òun ń tẹ̀ ẹ́, èmi ń wò ó lójú fóònù, títí iná fi lọ lọ́dọ̀ rẹ̀.