Ọmọ ìyá tó le, ajá tí ara rẹ̀ ò yá: láti Sùúrùlérè dé Ìlọrin nínú mọ́tò kan

Kí ẹ̀yin àti ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò yín tó máa fa ọ̀rọ̀ ẹni tó máa wa mọ́tò, ẹ kọ́kọ́ ka mímí ajá tí ara rẹ̀ ò yá tẹ́ ẹ fẹ́ gbé lọ yẹn. Lóru, tó bá ti sùn fọnfọn, ẹ wo ìhà rẹ̀: tó bá gbé sókè tó sì wálẹ̀, ẹyọ kan nìyẹn. Ẹ kà á fún ìṣẹ́jú àáyá 30, kẹ́ ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Ajá tó ń sùn kì í sábà mí ju 30 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹ máa kà á lálaalẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan kí ọjọ́ ìrìn-àjò tó pé, kẹ́ ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìdí tí mo fi ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni pé nínú mọ́tò tí ọmọ ìyá méjì bá jọ wọ̀, àṣẹ ló ń dá ìjà sílẹ̀. Àbúrò ò lè dédé sọ fún ẹ̀gbọ́n pé kó dúró, kó má di àrífín. Ẹ̀gbọ́n tó bá sì ń pàṣẹ jù, àbúrò á dijú, á di odi títí dé Ògbómọ̀ṣọ́. Nọ́ńbà ní tirẹ̀ ò mọ ẹ̀gbọ́n, kò mọ àbúrò. "Bọ̀ọ̀dá mi, ó ti di 44 o" ò jọ "Bọ̀ọ̀dá mi, eré yín ti pọ̀ jù."

Torí náà, ẹ jọ fẹnu kò nílé, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ síra yín lórí WhatsApp kó má baà di "èmi ò sọ bẹ́ẹ̀". Tí ajá bá sùn jẹ́ẹ́ tí mímí rẹ̀ ò kọjá 30, ẹ máa lọ. Tó bá wà láàárín 30 sí 40, ẹ yà síbi tó dáa tó bá kàn, ẹ jẹ́ kó sinmi, kẹ́ ẹ tún un kà lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Tó bá ju 40 lọ, tí kì í sì í ṣe pé ooru mú un, ẹ pe dókítà lójú ẹsẹ̀. Tí dókítà yín bá ti fún yín ní nọ́ńbà tirẹ̀, tirẹ̀ ni kẹ́ ẹ lò. Ajá tó na ahọ́n síta, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ooru ló ń lé jáde, ẹ ò lè ka ìyẹn. Ẹ tù ú lára kó pa ẹnu dé ná.

Ajá mìíràn ò yẹ ní gbígbé rìn rárá. Èyí tí kò jẹun láti àná, èyí tó ń ṣubú tó bá dìde, èyí tí mímí rẹ̀ nínú oorun ti ju 40 lọ kẹ́ ẹ tó gbéra: ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko ni ibi tó kàn án, kì í ṣe ọ̀nà Ìlọrin.

Ọ̀rọ̀ A.C. ló sábà máa ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Ẹnì kan á ní epo ti wọ́n, ẹ jẹ́ ká ṣí gíláàsì. Èkejì á ní ṣé kí ajá wá kú ni. Ìṣirò ló ń parí ẹ̀. Láti Sùúrùlérè dé Ìlọrin tó nǹkan bíi kìlómítà 300. Corolla tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì dáa á jẹ nǹkan bíi lítà 25 sí 30. A.C. lè fi lítà méjì sí mẹ́rin kún un. Kí ẹni tó ni ajá san owó lítà mẹ́rin yẹn nílé epo, lójú gbogbo yín, kẹ́ ẹ tó jáde ládùúgbò. Ẹnikẹ́ni ò tún gbọdọ̀ dá a sílẹ̀ mọ́.

Ṣùgbọ́n A.C. tó ń tutù rinrin lórí eré lè já yín kulẹ̀ ní Kara, níbi ọjà màlúù tó wà lẹ́yìn Berger. Tí mọ́tò bá ń sáré, atẹ́gùn ojú ọ̀nà ló ń tu kọ́ńdẹ́ńsà tó wà níwájú, ìyẹn ibi tí A.C. ti ń tú ooru síta. Tí ọkọ̀ bá wá dúró sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, fáànù nìkan ló kù. Fáànù tó ti kú tàbí tó ń yí wọ́ọ́rọ́wọ́, ooru ló máa jẹ́ kí A.C. máa fẹ́ níbi tẹ́ ẹ ti nílò rẹ̀ jù, ẹ́ńjìnnì náà á sì máa gbóná. Bẹ́ ẹ ṣe máa dán an wò nìyí: lọ́sàn-án gangan, ẹ gbé mọ́tò sójú oòrùn, ẹ tan ẹ́ńjìnnì àti A.C., kẹ́ ẹ má wà á lọ síbì kankan fún ìṣẹ́jú 20. Tó bá kọ́kọ́ tutù tó wá ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ gbé e lọ bá oní-A.C. mọ́tò, kó wo fáànù kó tó wo gáàsì. Púpọ̀ nínú wọn á kàn rọ gáàsì sí i, wọ́n á gbowó, fáànù tó kú á sì wà níbẹ̀.

Ẹ má fi ajá nìkan sílẹ̀ nínú mọ́tò, ìbáà ṣe ìṣẹ́jú márùn-ún tẹ́ ẹ fẹ́ fi ra búrẹ́dì. Láàárín ìṣẹ́jú 30, inú mọ́tò tí wọ́n pa sójú oòrùn lè fi nǹkan bíi dígírì 19 gbóná ju ìta lọ, ṣíṣí gíláàsì díẹ̀ ò sì ran nǹkan kan. Ọ̀kan á jẹun, ọ̀kan á dúró ti ajá, wọ́n á wá pààrọ̀. Àǹfààní míì wà níbẹ̀: ẹ̀yin méjèèjì á fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sinmi lọ́wọ́ ara yín.

Ìjókòó ẹ̀yìn ni àyè ajá. Tó bá jẹ́ kéèjì, kó tóbi débi tó fi lè dìde, yí padà, kó sì dùbúlẹ̀, kẹ́ ẹ fi bẹ́líìtì mọ́tò dè é mọ́lẹ̀. Tí kò bá sí kéèjì, ẹ ra okùn tó ń gba àyà kọjá, èyí tí wọ́n ń so mọ́ bẹ́líìtì. Ẹ má so bẹ́líìtì mọ́ ọrùn rẹ̀. Iwájú ò dáa torí báàgì atẹ́gùn tó ń bẹ́ síta tí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan. Ẹ tẹ́ máàtì rọ́bà sísàlẹ̀ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má baà yọ̀, pàápàá tó bá jẹ́ arúgbó tí oríkèé ń dùn. Ẹ tẹ́ ọ̀rá lé e, kí ìró àlòkù wà lókè pátápátá.

Oúnjẹ ni kẹ́ ẹ dá dúró ní nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin kẹ́ ẹ tó gbéra, kó má baà bì. Àtọ̀gbẹ nìkan ni ti ẹ yàtọ̀: ajá tó ń gba abẹ́rẹ́ ínsúlínì gbọ́dọ̀ jẹun bí dókítà ṣe là á kalẹ̀, abẹ́rẹ́ náà á sì wà nínú kúlà, kẹ́ ẹ fi tówẹ̀lì wé e kó má fara kan yìnyín. Omi ò gbọdọ̀ dúró fún ajá kankan, ti kíndìnrín ló le jù. Ajá tó wọn kílò 20 ń fẹ́ nǹkan bíi lítà kan lóòjọ́, ìyẹn píọ̀ wọ́tà méjì. Èyí tí kíndìnrín ń yọ lẹ́nu á mu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ máa fún un ní díẹ̀díẹ̀ níbi tẹ́ ẹ bá ti dúró, ẹ má dà á kalẹ̀ fún un lẹ́ẹ̀kan náà.

Lasix ni ọ̀pọ̀ ajá tó ní àrùn ọkàn ń lò, ìtọ̀ sì ni iṣẹ́ tó ń ṣe. Láàárín wákàtí kan sí méjì lẹ́yìn tó bá gbé e mì ni ìtọ̀ máa ń pọ̀ jù. Tẹ́ ẹ bá fún un ní aago márùn-ún tẹ́ ẹ sì gbéra lójú ẹsẹ̀, orí gádà gígùn ló ti máa tọ̀, níbi tí kò ti sáyè láti yà sẹ́bàá ọ̀nà. Ẹ bi dókítà bóyá ẹ lè fún un ní aago mẹ́ta òru. Ẹ má fò ó torí pé ọmọ ìyá yín ò fẹ́ gbọ́ òórùn ìtọ̀: omi tí òògùn ì bá fà jáde, ẹ̀dọ̀fóró ni yóò lọ.

Ọmọ ìyá tó le yẹn náà ló sábà máa ń sọ pé "ẹ fún un lóògùn oorun jàre". Ẹ má gbà. Àwọn kan nínú òògùn oorun ń fa ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ gan-an, ajá tó ní àrùn ọkàn lè ṣubú. Panadol àti ibuprofen ti ènìyàn náà ò wọ̀ ọ́. Panadol sì ń pa ológbò. Àwọn míì wà tí ìfẹ́ wọn ń dé lójijì ní Ọ̀yọ́, tí wọ́n á já súyà fún un. Àlùbọ́sà inú súyà ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́, egungun adìẹ tí wọ́n ti sè sì lè gún ìfun.

Aago márùn-ún ìdájí ni kẹ́ ẹ ti wà lójú ọ̀nà, kẹ́ ẹ ti kọjá Berger kí mọ́tò tó kún. Ẹ yẹra fún ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù, torí ìsìn Redemption City máa ń dí òpópónà náà, àti ọ̀sẹ̀ Iléyá, nígbà tí màlúù àti àgbò bá kún Kara. Òórùn ẹran nìkan tó láti mú kí ajá máa ta gìrì nínú kéèjì. Ẹ dúró lẹ́yìn oríta Ṣágámù, nílé epo tó láyè, kì í ṣe Ògèrè tí tírélà pọ̀ sí. Lẹ́yìn ìyẹn, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan ní wákàtí méjì méjì. Ṣéènì gbọ́dọ̀ ti wà lọ́rùn ajá kẹ́nikẹ́ni tó ṣílẹ̀kùn.

Ilé ìwòsàn ẹranko ní fásitì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà yìí: UI ní Ìbàdàn, tí kò jìnnà sí Òjòó tẹ́ ẹ máa gbà kọjá, àti Unilorin níbi tẹ́ ẹ ń lọ. Tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ nítòsí Ṣágámù, FUNAAB wà ní Abẹ́òkúta. Ẹ ti pè wọ́n ṣáájú kẹ́ ẹ mọ àsìkò tí wọ́n ń ṣí. Ẹ mú káàdì abẹ́rẹ́ dìgbòlugi dání fún ọlọ́pàá, kẹ́ ẹ sì fi 122, nọ́ńbà pàjáwìrì FRSC (ẹ̀ṣọ́ ojú pópó), sínú fóònù.

Ó wá ku ọmọ ìyá fúnra rẹ̀. Ẹni tó ń ṣàríwísí gbogbo nǹkan, iṣẹ́ gidi ni kẹ́ ẹ gbé lé e lọ́wọ́: òun ni kó di owó ọ̀nà mú, òun ni kó yan ibi tẹ́ ẹ ti máa jẹun. Ẹni tí inú bíbí ń wọ̀ lẹ́sẹ̀ tó bá di ọwọ́ ìwakọ̀ mú, ẹ̀yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ajá ló ti wúlò, kó máa ka mímí. Ẹ sọ fún un pé ìjókòó ẹ̀yìn kì í ṣe àbùkù, ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Àbúrò tó máa ń pẹ́, kó wá sùn nílé yín mọ́jú. Tó bá jẹ́ ẹni tó ń kírun tó sì ń ṣọ́ra fún itọ́ ajá, ẹ kó aṣọ ìrun àti bùtà rẹ̀ síwájú nínú báàgì ọ̀tọ̀, ẹ má sì ṣe é bí ẹni ń ṣe àwàdà. Ilé tí bàbá fi sílẹ̀, owó ìsìnkú, ẹni tí màmá fẹ́ràn jù: kò sí èyí tó yẹ kó wọ mọ́tò yìí. Tí ohùn bá ti ń ga, ẹnikẹ́ni nínú yín lè ní "ajá ń sùn", kí gbogbo ẹnu dákẹ́ títí dé ibi ìdúró tó kàn. Ìyẹn kì í ṣe ọgbọ́n àlùmọ̀kọ́rọ́yí. Ariwo ń mú kí ọkàn rẹ̀ sáré lóòótọ́.

Tí ooru bá mú un: tẹmómítà tẹ́ ẹ fi fasilíìnì pa, nínú ìdí. Dígírì 38 sí 39.2 ló dáa. Tó bá kọjá 40, ẹ da omi tútù lásán sí i níkùn, abẹ́ itan àti àtẹ́lẹsẹ̀, kẹ́ ẹ fẹ́ ẹ, kí A.C. wà ní títàn. Ẹ má lo yìnyín, ẹ má fi tówẹ̀lì tútù bò ó kẹ́ ẹ fi sílẹ̀, ẹ má sì rọ omi sí i lẹ́nu. Tó bá ti bọ́ sí 39.4, ẹ dá omi dúró kó má tutù kọjá. Lẹ́yìn náà, ọ̀dọ̀ dókítà, bó bá tiẹ̀ ti dìde. Àwọ̀ èrìgì ni wọ́n sábà máa ń wò láti mọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn, ṣùgbọ́n èrìgì ajá ìbílẹ̀ púpọ̀ dúdú, torí náà inú ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò: ó yẹ kó pupa fẹ́ẹ́rẹ́, kó má funfun.

Ajá lè kú lọ́nà. Ẹ jọ sọ ibi tẹ́ ẹ máa sin ín sí kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, kẹ́ ẹ fi ọ̀rá ńlá kan sí búùtù. Ẹ sì bẹ ẹni tí kò fẹ́ràn ajá pé lọ́jọ́ yẹn, kó má sọ pé "ajá lásán".

Tẹ́ ẹ bá dé, kó mumi kó tó jẹun, yàrá kan tó dákẹ́, jìnnà sí ewúrẹ́ àti àwọn ọmọ kéékèèké. Tó bá tọ̀ sórí ìjókòó, ẹ fi tówẹ̀lì fà á gbẹ, ẹ po fíníga àti omi ní dọ́gbadọ́gba, ẹ fi nù ún, ẹ ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò sílẹ̀. Jíìkì á ba àwọ̀ ìjókòó jẹ́, òórùn rẹ̀ á sì yọ ajá lẹ́nu. Tó bá jẹ́ mọ́tò ẹ̀gbọ́n ni, ẹ ti ṣe é tán kó tó jáde látinú ilé ìwẹ̀.