Fóònù Ní Kí N Sáré

"Ẹ̀gbọ́n, fóònù yìí ní kí n sáré o. Kí ni mo fẹ́ máa sá fún?"

Ohun tí àbúrò tó ń bá wa yẹ iṣẹ́ wò kọ ránṣẹ́ sí mi nìyẹn, ó sì fi àwòrán ojú fóònù rẹ̀ tì í lẹ́yìn. Mo ṣí i. Lókè, wọ́n kọ ọ́ pé: "Fáìlì kan wà níbí tó lè léwu." Nísàlẹ̀, bọ́tìnì méjì ló wà. Ti apá òsì ní "Fagi lé e". Ti apá ọ̀tún, èyí tó tóbi jù, tó pupa yòò, ní "Sáré".

Èmi ni mo kọ ọ́. Bí èmi fúnra mi bá sì rí i lóru, bàtà ni ǹ bá kọ́kọ́ wá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Iṣẹ́ ìtumọ̀ ni mò ń ṣe, ọ̀rọ̀ inú áàpù ló sì pọ̀ jù nínú ohun tó ń dé ọwọ́ mi. Wọ́n á fi fáìlì Excel gígùn kan ránṣẹ́: Gẹ̀ẹ́sì lápá òsì, àlàfo lápá ọ̀tún, kí n máa kún un lọ. Kò sí àwòrán, kò sí àlàyé, kò sí ẹni tí wàá bi léèrè. Ìlà 214: "Run". Ìlà 215: "Run again". Ìlà 216: "Last run". Ìlà 217: "Running". Èmi tí mo ti ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì láti kékeré, ṣé "run" ló máa wá dá mi dúró? Sáré. Tún sáré. Eré tó kẹ́yìn. Ó ń sáré. Mo kọjá. Gbogbo rẹ̀ kò gbà ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lọ.

Ẹ wá wo ohun tó jáde lórí fóònù. "Eré tó kẹ́yìn: ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn", bíi pé fóònù náà jáde lọ gbá bọ́ọ̀lù. "Ó ń sáré", lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì róbótó kékeré kan tó ń yí, tó sì falẹ̀ bí ìgbín. Àbúrò yẹn ní èyí ló dùn mọ́ òun jù, pé kí n má yí i padà.

Ojú tì mí. Torí náà mo lọ wádìí ọ̀rọ̀ tí mo rò pé mo mọ̀.

Ìwé atúmọ̀ èdè Oxford, èyí tó tóbi jù yẹn, ni mo kọ́kọ́ kà nípa rẹ̀. Apá àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde ní 1884, wọn kò sì parí rẹ̀ títí di 1928. Ọ̀pọ̀ ọdún ni "set" fi jọba níbẹ̀. Òun ló gba àyè jù nínú gbogbo ìwé náà. Nínú ẹ̀dà kejì tó jáde ní 1989, tó jẹ́ ìdìpọ̀ 20, ìtumọ̀ 430 ni wọ́n kà fún un. Nígbà tí wọ́n wá ń tún ìwé náà kọ láti ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀kan lára àwọn olóòtú rẹ̀, Peter Gilliver, jókòó ti "run" fún nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án. Ìgbà tó fi máa gbórí sókè, ìtumọ̀ 645 ló kó jọ, fún ọ̀rọ̀-ìṣe náà nìkan. Ó ti ju ti "set" lọ fíìfíì nìyẹn.

Oṣù mẹ́sàn-án! Ẹni tó lóyún lọ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ti bímọ. Èmi lo ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá.

Àmọ́ kì í ṣe iye yẹn ló là mí lójú. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀ ni. Mo rò pé ẹsẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, pé àwọn tó kù jẹ́ àfiwé lásán. Irọ́ ni. Omi wà nínú rẹ̀ láti ilẹ̀ wá. Jámánì, tí í ṣe ìbátan Gẹ̀ẹ́sì, ṣì ya méjèèjì sọ́tọ̀ títí dòní: "rennen" ni ti ẹni tó ń sáré, "rinnen" ni ti omi tó ń ṣàn. Gẹ̀ẹ́sì da àwọn méjèèjì pọ̀ sínú ìkòkò kan, ó sì ro ó pọ̀ débi tí o kò fi lè yà wọ́n mọ́.

Nígbà tí mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lọ́kàn tí mo fi omi síbẹ̀, ńṣe ni gbogbo rẹ̀ tò. Imú tó ń "run", omi ni. Ẹ̀rọ omi tí ẹnì kan gbàgbé láti tì, omi ni. Aṣọ pupa tí aró rẹ̀ yọ sára aṣọ funfun nínú ìfọṣọ, ẹ̀yin tó ti ṣẹlẹ̀ sí rí mọ̀ pé omi ni. Ọ̀nà tó "run" láti ìlú kan dé òmíràn kò mira rárá, òkúta àti ọ̀dà ni, ṣùgbọ́n wo bó ṣe lọ bí odò. Àìsàn tó "run" nínú ìdílé kan ń ṣàn láti ọ̀dọ̀ bàbá bọ́ sí ọ̀dọ̀ ọmọ. Eré orí ìtàgé tó "run" fún oṣù mẹ́fà, kò gbẹ ni, bí orísun. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ wá dé: ọkọ̀ ojú irin, ilé iṣẹ́, ẹ́ńjìnnì, gbogbo wọn gba ọ̀rọ̀ kan náà, kí kọ̀ǹpútà tó wá gbà á lọ́wọ́ wọn. Ètò orí kọ̀ǹpútà kò ní ẹsẹ̀. Wọ́n ṣí i bí ẹni ṣí omi, ó sì ń lọ títí wọ́n á fi tì í.

Ibi tí mo dé nìyí tí mo fi wá wo "sáré" tiwa pẹ̀lú ojú mìíràn. Mo ti ń lo ọ̀rọ̀ náà láti ọjọ́ tí mo ti ń sọ̀rọ̀, mi ò sì fìgbà kan rí i pé òun náà ti kúrò nídìí ẹsẹ̀. Ẹ gbọ́: sáré kọ ọ́. Sáré bá mi pè é. Mo fẹ́ sáré sùn díẹ̀. Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni "sáré jókòó". Ẹni tó jókòó ti fi eré sísá sílẹ̀ pátápátá, síbẹ̀ a ní ó sáré jókòó, kò sì sẹ́ni tó ń bi wá léèrè. Ohun tí "sáré" mú kúrò lára ẹsẹ̀ ni ìkánjú. Ohun tí "run" mú ni àìdáwọ́dúró. Ọ̀kan ń yára, èkejì ń bá a lọ. Ẹ́ńjìnnì lè máa "run" wọ́ọ́rọ́wọ́ láti àárọ̀ di alẹ́, kò sí ìkánjú kankan níbẹ̀. Ìdí tí "Ó ń sáré" mi fi jẹ́ ẹ̀fẹ̀ lójú àwọn tó rí i nìyẹn: mo ṣèlérí ìkánjú lórí nǹkan tó kàn ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Wọ́n máa ń pàdé níbì kan ṣá. Aago tó bá ń lọ ṣíwájú àkókò, à ń ní ó ń sáré. Gẹ̀ẹ́sì náà ní ó ń "run" fast. Bí ìròyìn bá sì tàn pé báńkì kan fẹ́ wọlẹ̀, tí èrò wá rọ́ lọ gba owó wọn, Gẹ̀ẹ́sì ń pe ìyẹn ní "run" lórí báńkì. Eré gidi ni ìyẹn, ti ẹsẹ̀, ti ìkánjú, ti ọkàn tó ń lù kìkì. Ó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà lemọ́lemọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930. Níbẹ̀, ẹ kọ "sáré", kò sẹ́ni tó máa bá yín wí.

Ti òṣèlú dùn mọ́ mi nínú. Ará Amẹ́ríkà tó bá fẹ́ di ààrẹ, ó ń "run". Ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó bá fẹ́ wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn, ńṣe ló ń "stand", ìyẹn ni pé ó dúró. Ọ̀kan ń sáré, ọ̀kan dúró, ibi kan náà sì ni wọ́n ń lọ. Àwa ń du ipò, èyí tó tiẹ̀ jẹ́ òótọ́ jù lọ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tí ẹ bá bi mí.

Ẹ má tíì lọ, wàhálà gan-an kò tíì dé. Ọ̀rọ̀ kéékèèké tó ń tẹ̀ lé "run" ni wàhálà. "Run out" rọrùn: ó ti tán, a ti parí. "Run into" lè jẹ́ pé mo ṣe kòńgẹ́ ọ̀rẹ́ mi, ó sì lè jẹ́ pé mo fi ọkọ̀ kọlu ògiri. Ṣùgbọ́n "run down" ni mo kórìíra. Bátìrì lè "run down", ó ti kú nìyẹn. Ilé lè "run down", ó ti di ahoro díẹ̀díẹ̀. O lè "run" ẹnì kan down lẹ́yìn rẹ̀, o ń bà á jẹ́. O sì lè fi ọkọ̀ ṣe é.

Mo ti bá a pàdé nínú ìtàn kan tí mo ń túmọ̀. Ìpínrọ̀ náà parí pẹ̀lú gbólóhùn kan pé bàbá àgbà náà "was run down". Kò sí nǹkan mìíràn. Ṣé ó rẹ̀ ẹ́ ni, àbí ọkọ̀ gbá a? Ojú ewé méjì gbáko ni mo kà síwájú, ọkàn mi kò balẹ̀, mò ń wá ilé ìwòsàn, mò ń wá ẹni tó ń sunkún. Ní ojú ewé kẹta, bàbá náà jí lórí àga, ó ní kí wọ́n bu omi fún òun. Mo padà lọ kọ ọ́ pé "ó ti rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu", mo sì dúpẹ́ pé mi ò sáré kọ òmíràn.

Kí n má sì dà bí ẹni tó ń fi èdè ẹlòmíràn ṣe yẹ̀yẹ́. Àlejò kan tó ń kọ́ Yorùbá bi mí lọ́jọ́ kan pé kí ló dé tí a fi ń pa gbogbo nǹkan. Ó ti kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan: ẹ ń pa òwe, ẹ ń pa irọ́, ẹ ń pa iná, ẹ ń pa ilẹ̀kùn dé, ebi ń pa yín, òjò ń pa yín, ẹ ní ẹnì kan pa yín lẹ́rìn-ín, inú yín sì dùn sí i! Mi ò rí èsì fọ̀. Mo ní kó má ka "pa" nìkan, kó máa ka ohun tó tẹ̀ lé e. Ìmọ̀ràn tí èmi gan-an kò lò ní ìlà 214.

Nígbà tí a wá ń tún áàpù yẹn ṣe, ẹnì kan nínú wa dá a lábàá pé kí a fi "Run" sílẹ̀ bó ṣe wà, pé ṣebí gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n. Mo ní kó kà á sókè ní Yorùbá. Fáìlì tó lè léwu, bọ́tìnì pupa, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: run. Ìlú run, ilé run, ìran run. Ó dákẹ́. Ẹlòmíràn ní "Sá", nítorí pé ó kúrú, yóò sì wọ inú bọ́tìnì. Èmi ní aṣọ ni wọ́n ń sá sóòrùn.

Ohun tí a padà fi síbẹ̀ kò lẹ́wà, ṣùgbọ́n kò ní kí ẹnikẹ́ni wá bàtà. Ìlà 214 di "Yẹ̀ ẹ́ wò", torí pé fáìlì ni bọ́tìnì yẹn ń yẹ̀ wò, ohun tí ọ̀gbẹ́ni tó kọ Gẹ̀ẹ́sì náà ìbá ti sọ tẹ́lẹ̀. Ìlà 215 di "Tún un yẹ̀ wò". Ìlà 216 di "Ìgbà tó yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́yìn". Fún 217, mo kọ "Ó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́". Ìlà mẹ́rin, kò sì sí eré kankan nínú wọn. Àbúrò yẹn ṣì ń dárò "Ó ń sáré" rẹ̀.

Iṣẹ́ tuntun dé lánàá, láti ibòmíràn. Fáìlì Excel ni, òsì Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀tún àlàfo. Ìlà 12 ni mo wà báyìí. "Set" ló wà níbẹ̀, kò sí nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀. Mo ti kọ̀wé pé kí wọ́n fi àwòrán ojú ibi tó máa jáde sí ránṣẹ́. Wọ́n dá mi lóhùn láàárọ̀ yìí pé kí n kàn túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe wà.