Laptop tí mo pè ní arúgbó

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ àtúnṣe kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Nígbà tí mo wà nípò yín, wọ́n gbé laptop kan wá tó jẹ́ pé èèyàn lè tàn án, kó lọ wẹ̀, kó padà wá bá a níbi tó ti ń yí òbìrìkìtì. Mo ní ó ti gbó, kí wọ́n ra tuntun. Ọ̀gá mi ò bá mi jiyàn. Ó ṣí Task Manager, ojú ibi tí Windows ti ń fi hàn bí iṣẹ́ ṣe wúwo tó lára kọ̀ǹpútà, ó nàka sí ibi tí wọ́n kọ Disk sí: 100%. CPU, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ò tó 10%. Ó ní, "Ọpọlọ rẹ̀ jókòó, ó ń sinmi. Ẹsẹ̀ ló ń dùn ún."

Ẹsẹ̀ yẹn ni hard disk, ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó fáìlì pamọ́ sí. Àwo ló ń yí nínú rẹ̀, nínú ọ̀pọ̀ laptop ó máa ń yí nígbà 5,400 láàárín ìṣẹ́jú kan, orí kékeré kan á sì máa sáré kiri lórí rẹ̀, á máa wá ohun tí a ní kó kà. Fíìmù kan tó gùn gbọọrọ ò lè dà á láàmú. Àmọ́ tí Windows bá ń jí, fáìlì wínníwínní ló ń pè lọ́tùn-ún lósì. Àlọ àti àbọ̀ orí yẹn ló ń jẹ àkókò. SSD, ibi ìpamọ́ tó ń lo chip, ò ní àwo, kò ní orí tó ń rìn. Ẹ má jẹ́ kí iye MB tí wọ́n ní ó ń kà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí wọ́n kọ sára páálí, dà yín lọ́kàn rú. SSD SATA lásán, ìyẹn èyí tó ń lo ọ̀nà àtijọ́ tí hard disk náà ń lò, ìyàtọ̀ rẹ̀ á hàn sí ọmọdé.

Ibi M.2, SSD pẹlẹbẹ tí wọ́n ń ki bọ ihò nínú laptop, lowó tèmi ti ṣòfò. Mo rí ihò rẹ̀ nínú laptop kan, mo lọ ra NVMe, SSD tó ń sọ èdè míì tó yára ju SATA lọ, tó bá a mu gẹ́lẹ́: 2280, ìyẹn mílímítà 22 ní fífẹ̀, 80 ní gígùn. Ó wọlé wẹ́rẹ́. Mo dè é, mo tanná, BIOS, ètò tó máa ń kọ́kọ́ jí kí Windows tó jí, ò rí nǹkan kan. SATA nìkan ni ihò yẹn gbọ́! Ìrísí ni M.2 ń sọ, kò sọ èdè tí wọ́n jọ ń sọ. Látìgbà náà, mi ò náwó láì ka ìwé model laptop náà fúnra rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ kó iṣẹ́ oníbàárà pamọ́ síbòmíràn. Tí BitLocker, ohun tí Windows fi ń ti disk pa, bá wà níbẹ̀, ẹ gba recovery key, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń ṣí i, kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Tí disk àtijọ́ bá ti ń ṣàìsàn, ẹ má ṣe clone rẹ̀, ìyẹn kí ẹ da gbogbo rẹ̀ kọ bó ṣe wà sórí SSD; ẹ fi Windows tuntun sórí SSD.

Skúrúù ńkọ́? Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo ti fi èyí tó gùn sínú ihò èyí tó kúrú rí, ṣóńṣó rẹ̀ yọ síta níbi tí èèyàn ń gbọ́wọ́ lé. Ní báyìí, mo máa ń ya ìdí laptop sórí bébà, kí n fi téèpù lẹ skúrúù kọ̀ọ̀kan mọ́ ibi tó ti jáde. Okùn bátìrì ni mo sì ń kọ́kọ́ yọ.

Laptop ọjọ́ yẹn? Ọ̀gá mi fi SSD sí i. Oníbàárà tàn án, ó fa fóònù yọ láti fi pa àkókò bó ṣe máa ń ṣe, kó tó ṣí i, Windows ti jí. Ó wo ọ̀gá mi: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ ò ti pààrọ̀ laptop mi báyìí?"