Ìbéèrè Kan Tí Mo Fò Lórí Fọ́ọ̀mù

Dúrójayé ni orúkọ tí wọ́n sọ mí. Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá á ti mọ̀ pé orúkọ náà nítàn nínú: ẹ̀gbọ́n tí mo tẹ̀lé kò dúró. Àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde ló mú un lọ ní Ìbàdàn, òun náà ni wọ́n sì bá lára èmi tí wọ́n bí sí Peckham ní London. Màámi kì í dárúkọ rẹ̀. "Ara ọmọ mi ò fẹ́ òtútù" ni wọ́n máa ń sọ fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì.

Nígbà tí mo ń kọ fọ́ọ̀mù owó yunifásítì, mo débi tí wọ́n ti ń béèrè bóyá mo ní àbùkù ara tàbí àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́. Màámi wà lẹ́yìn mi. "Fò ó. Ìwọ kì í ṣe abirùn." Mo fò ó. Èmi náà kò fẹ́ kí wọ́n fi ojú yẹn wò mí. Ojú mi ríran, ẹsẹ̀ mi méjèèjì pé.

Oṣù kọkànlá ni ìrora náà gbé mi ṣánlẹ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo lò ní ọsibítù. Nígbà tí mo padà, iṣẹ́ ti gorí iṣẹ́, mo sì tún ń lọ to ọjà sórí àtẹ lóru nítorí owó takisí. Mo fìdí rẹmi nínú kọ́ọ̀sì méjì.

Olùkọ́ kan ló bi mí pé kí ló dé tí n kò gba Disabled Students' Allowance, tí wọ́n ń pè ní DSA, ìyẹn owó ìrànwọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ní àbùkù ara tàbí àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́. N kò gbọ́ ọ rí. Ó ṣàlàyé pé lójú Equality Act, òfin ọdún 2010, àìsàn tó bá ti lo ọdún kan tàbí tó máa lò ó, tó sì ń dí èèyàn lọ́wọ́ gan-an nínú ohun tó ń ṣe lójoojúmọ́, àbùkù ara ni wọ́n kà á sí, kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fò lórí fọ́ọ̀mù. Wọn kì í wo iye tí òbí ń gbà kí wọ́n tó fún ni ní DSA, èèyàn kì í sì í san án padà.

Lórí lẹ́tà dókítà tí wọ́n ń béèrè fún DSA ni mo ti ṣàṣìṣe. Dókítà ní báwo lara? Mo ní a dúpẹ́. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn, a kì í ka ìrora sílẹ̀ níwájú àlejò. Ó wá kọ ọ́ pé mo ní àìsàn náà, pé oògùn ń ṣiṣẹ́. Àwọn tó ń fún ni ní DSA dá lẹ́tà náà padà: kò sọ ohun tí àìsàn ń ṣe sí ẹ̀kọ́ mi.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo jókòó ti bébà òfìfo. Màámi ló bẹ̀rẹ̀ sí pè é fún mi. "Kọ ọ́ pé ìka rẹ kì í tètè ṣí láàárọ̀. Kọ ọ́ pé tí o bá ṣàìsùn lóru kan, ọjọ́ méjì lo fi ń sùn ún." Gbogbo ọdún tí wọ́n fi ń ṣọ́ mi lóru ni wọ́n ń kà sílẹ̀, àwọn nǹkan tí èmi ti rò pé bí mo ṣe rí nìyẹn. Ojú ìwé méjì kún, síbẹ̀ wọn ò dárúkọ àìsàn náà. Bébà yẹn ni mo gbé lọ fún dókítà, wọ́n sì gba lẹ́tà kejì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi ẹni tó ń bá yín ṣàìsùn kí ẹ tó lọ rí dókítà, ọjọ́ tó burú sì ni kí ẹ sọ.

Ní England, £26,948 ni iye DSA tó pọ̀ jù tí wọ́n lè fún akẹ́kọ̀ọ́ ní sáà 2024 sí 2025, ṣùgbọ́n wọn kì í kó o lé èèyàn lọ́wọ́. Ohun tí àìsàn yín bá béèrè ni wọ́n ń san, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tajà ló sì sábà máa ń lọ. Mo gba àga tó ń gbé ẹ̀yìn ró, ẹ̀rọ tó ń gba ohùn olùkọ́ sílẹ̀, owó takisí fún àwọn ọjọ́ tí n kò lè dúró de bọ́ọ̀sì, àti kọ̀ǹpútà. £200 àkọ́kọ́ lórí kọ̀ǹpútà, àpò mi ló ti jáde.

Ẹni tó fi físà akẹ́kọ̀ọ́ wá láti Nàìjíríà kò lè gbà á. Ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn akàndá ẹ̀dá ní yunifásítì rẹ̀ ni kó lọ. Ẹni tó sì ti wọlé ẹ̀kọ́ ṣì lè kọ̀wé. Ọdún kejì lèmi kọ tèmi. Àmọ́ ẹ má ra ohunkóhun kí lẹ́tà ìfọwọ́sí wọn tó dé. Owó takisí tí mo ná lọ́dún àkọ́kọ́, n kò rí kọ́bọ̀ gbà padà níbẹ̀.