Rédíò ilé ìwòsàn: ẹ̀yìn ibùsùn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí rédíò ilé ìwòsàn, ètò orin àti ọ̀rọ̀ tí àwọn aláìsàn ń gbọ́ lórí ibùsùn, ṣe bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, máìkì àti àwo orin ló máa ń kọ́kọ́ béèrè. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé ẹ̀yìn ibùsùn ni ìtàn náà wà, níbi tí hẹ́dìfóònù kan so kọ́ sára ògiri. Òun ló kọ́kọ́ dé. Ó pẹ́ kí àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni tó gba máìkì, ohun tó sì sábà ń ba iṣẹ́ wọn jẹ́ kì í ṣe àìmọ̀rọ̀ọ́sọ. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà tó kẹ́yìn ni, láti ara ògiri dé etí aláìsàn.

Ní 1919, ní ilé ìwòsàn Walter Reed ní Washington, àwọn ọmọ ogun tó gbọgbẹ́ ti ń gbọ́ rédíò lórí ibùsùn. BBC bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kọkànlá 1922. Nígbà tó di 1925, wọ́n ti fi hẹ́dìfóònù 200 àti sípíkà 70 sí York County Hospital, kí àwọn aláìsàn lè máa gbọ́ ìsìn ṣọ́ọ̀ṣì àti ìròyìn eré ìdárayá. Ẹ wo iye méjèèjì yẹn dáadáa. Hẹ́dìfóònù fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta sípíkà, ó sì nídìí. Wọ́ọ̀dù ayé ìgbà yẹn gùn bíi gbọ̀ngàn, ibùsùn bí 30 ló ń kọjú síra wọn. Orin tó ń dùn mọ́ ẹnì kan, ariwo ni létí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún. Títí dòní, bí ẹ bá ń gbèrò irú iṣẹ́ yìí, ẹ jẹ́ kí etí kọ̀ọ̀kan ní ohun tirẹ̀. Sípíkà kò ju ti yàrá ìjókòó lọ.

Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì ni iṣẹ́ náà bọ́ sọ́wọ́ àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ní pẹrẹu, bọ́ọ̀lù ló sì ṣí ilẹ̀kùn. Ní Portsmouth, láti 1951 ni wọ́n ti ń ròyìn eré láti pápá Fratton Park fún àwọn tó wà ní ilé ìwòsàn. Kò gba ohun èlò púpọ̀: ẹni méjì tó mọ bọ́ọ̀lù, máìkì, ampilifáyà kékeré, àti wáyà tí wọ́n háyà lọ́wọ́ Post Office láti pápá dé ilé ìwòsàn. Post Office nìkan ló láṣẹ láti na wáyà tẹlifóònù kọjá títì nígbà náà (ìlú Hull nìkan ló dá tirẹ̀ ní). Ìmọ̀ràn kan wà fún ẹni tó ń ròyìn irú eré bẹ́ẹ̀: kí ó máa sọ iye góòlù ní ìṣẹ́jú mẹ́ta mẹ́ta, bí góòlù kankan ò tilẹ̀ wọlé. Ó lè jẹ́ pé nọ́ọ̀sì ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ hẹ́dìfóònù létí aláìsàn láti wo ìfúnpá rẹ̀ ni, tàbí kí oorun ṣẹ̀ṣẹ̀ dá lójú onítọ̀hún.

Wáyà tẹlifóònù lásán, láti nǹkan bíi 300 hertz dé 3,400 hertz ló ń gbé (hertz ni iye ìgbà tí ohùn ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan). Ìyẹn tó fún ẹni tó ń pariwo pé góòlù ti wọlé. Kò tó fún orin. Bí ẹ bá fi orin sí i, baasi á sọnù, ohùn òkè náà á sọnù, á wá dà bíi pé inú páálí ni akọrin wà. Wáyà tó lè gbé orin dáadáa wà lóòótọ́, owó rẹ̀ ló ga ju ti ọ̀rọ̀ ẹnu lọ. Ìdí pàtàkì kan nìyí tó fi sàn kí stúdíò wà nínú ọgbà ilé ìwòsàn gan-an: wáyà tí kò kọjá títì kò ní owó háyà, ẹ sì lè fúnra yín yan irú èyí tó dára. Nítorí pé orí wáyà ni ohùn ń gbà, wọn kò nílò ìwé àṣẹ láti tan ìgbì rédíò sáfẹ́fẹ́. Ẹ̀tọ́ àwọn olórin nìkan ni ẹnikẹ́ni kò lè yọ ara rẹ̀ kúrò nínú rẹ̀, yálà orí wáyà ni o tàbí inú afẹ́fẹ́.

Stúdíò wọn sábà máa ń jẹ́ yàrá tí ẹlòmíràn kò fẹ́: abẹ́ ilẹ̀, ibi ìkẹ́rùsí, yàrá abẹ́ òrùlé. Ẹ má lẹ páálí ẹyin mọ́ ògiri irú yàrá bẹ́ẹ̀. Kò ní dá ariwo kẹ̀kẹ́ oúnjẹ tó ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà dúró, ìwọ̀nba ohùn òkè ló ń gbà mì, bí iná bá sì ràn mọ́ ọn, kíákíá ló ń jó. Ohun tó ń dá ohùn dúró ni ìwúwo àti dídí àlàfo: ilẹ̀kùn tó wúwo, rọ́bà yí etí rẹ̀ ká. Kápẹ́ẹ̀tì nílẹ̀ àti aṣọ títa tó nípọn lára ògiri, gbohùngbohùn inú yàrá ni wọ́n ń dín kù.

Wàhálà kejì ni ìró ùùù tí kì í dákẹ́, tó ń ti ara iná mànàmáná 50 hertz wá. Nígbà tí stúdíò bá gba iná ní ìhà kan, tí ampilifáyà wọ́ọ̀dù sì gba tirẹ̀ ní ìhà kejì, wáyà ohùn á di afárá láàrin wáyà ilẹ̀ méjèèjì (wáyà tó ń darí iná lọ sínú ilẹ̀ bí ẹ̀rọ bá bàjẹ́), ìró náà á sì gba ibẹ̀ wọlé. Ẹ má gé wáyà ilẹ̀ kúrò lára ẹ̀rọ kankan nítorí rẹ̀, ó lè pa ènìyàn. Transformer ohùn 1:1 ti 600 ohm ni kí ẹ fi sáàrin, ó ń jẹ́ kí ohùn kọjá láìjẹ́ pé wáyà ìhà méjèèjì kan ara wọn. Kí wáyà ohùn jìnnà sí ti iná tó nǹkan bí 30 sẹ̀ǹtímítà, bí wọn yóò bá sì pàdé, kí wọ́n dábùú ara wọn, kí wọ́n má jọ rìn.

Àmọ́ ibi ìbùsùn ni mo fẹ́ dúró sí jù. Sókẹ́ẹ̀tì kan ló wà lára ògiri, pẹ̀lú bọ́tìnnì tí a ń yí: nọ́ńbà kan fún Home Service, ọ̀kan fún Light Programme (ìkànnì BBC ni méjèèjì nígbà náà), ọ̀kan fún rédíò ilé ìwòsàn. Ta ló sọ fún aláìsàn pé nọ́ńbà wo ni tiyín? Bí kò bá sí káàdì tó sọ ọ́ ní lẹ́tà gàdàgbà, BBC ni yóò máa gbọ́ títí wọn ó fi dá a sílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo hẹ́dìfóònù fúnra rẹ̀. Ọrùn púlọ́ọ̀gì ni wáyà ti máa ń já, níbi tó ti ń tẹ̀ lójoojúmọ́. Ojú rẹ̀ máa ń dá ṣáká, èròjà inú rẹ̀ ti já. Bí ẹ bá fi ìka mì í, ohùn á wọlé, á jáde. Sípíríǹgì inú sókẹ́ẹ̀tì máa ń rẹ̀, eruku aṣọ ibùsùn á kún ibẹ̀. Ẹni tí wọ́n fi POP (ẹfun líle tí wọ́n fi ń di egungun tó ṣẹ́) dì lápá ọ̀tún kò lè dé ibi tí hẹ́dìfóònù wà bó bá jẹ́ apá ọ̀tún ló so sí.

Nítorí náà, ẹ mú hẹ́dìfóònù kan tó dá yín lójú, kí ẹ yí wọ́ọ̀dù ká láti ibùsùn dé ibùsùn pẹ̀lú àṣẹ síìsítà (nọ́ọ̀sì tó ń ṣàkóso wọ́ọ̀dù). Ẹ tì í bọ inú sókẹ́ẹ̀tì, ẹ gbọ́ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ibùsùn 9, kò dún, ibùsùn 14, ó ń já. Ìmùlẹ̀mófo ni stúdíò tuntun bí ìdajì sókẹ́ẹ̀tì bá ti kú. Bí gbogbo wọ́ọ̀dù bá sì dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ má tíì sáré lọ bá ampilifáyà. Hẹ́dìfóònù kan ṣoṣo tí wáyà rẹ̀ kan ara wọn lè pa gbogbo yòókù lẹ́nu mọ́, torí pé ojú wáyà kan náà ni wọ́n so gbogbo wọn mọ́. Ẹ yọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan títí ohùn yóò fi padà. Kó má baà tún ṣẹlẹ̀, resistor kékeré kan (èyí tó ń dín iná tó ń kọjá kù) ni kí ó wà lẹ́yìn sókẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan.

Àwọn ọdún 1960 ló sọ orin di olórí iṣẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ ti gbọ́ àwọn rédíò orí òkun (tó ń gbé orin sáfẹ́fẹ́ láti inú ọkọ̀ ojú omi) láti 1964, Radio 1, ìkànnì orin ti BBC, sì dé ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án 1967. Ẹni tó fẹ́ jókòó sídìí àwo orin kò ní ibi púpọ̀ tó lè lọ. Ilé ìwòsàn gbà á. Nígbà tó fi máa di 1970, àwọn rédíò náà ti pọ̀ débi pé wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ fún gbogbo orílẹ̀-èdè.

Àwo tí àwọn èèyàn fi ta wọ́n lọ́rẹ máa ń jẹ́ àdàlù 78, 45 àti 33 (iye ìgbà tí àwo ń yí ní ìṣẹ́jú kan). Abẹ́rẹ́ kan kì í ṣe fún gbogbo wọn. Ti 78 fẹ̀ tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta ti yòókù. Bí ẹ bá gbé e lé 33, ẹ̀ẹ̀kan náà tó láti ha ojú àwo jẹ́. Láti múra àwo sílẹ̀, ẹ gbé abẹ́rẹ́ lé e, ẹ fọwọ́ yí i títí ẹ ó fi gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ orin, kí ẹ wá yí i padà sẹ́yìn ní nǹkan bí ìdajì àyípo. Bí ẹ kò bá yí i padà tó, orin á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìró wọ̀ọ̀ọ̀, torí pé ẹ̀rọ kò tíì dé eré tó yẹ.

Títọrọ orin ni ọkàn iṣẹ́ náà, mo sì gbà pé ó ju orin fúnra rẹ̀ lọ. Ẹni tó wá láti wọ́ọ̀dù dé wọ́ọ̀dù ní aago 6, tó jókòó, tó bi aláìsàn lórin tó fẹ́, lè jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo lọ́jọ́ náà tí kò wá gún un lábẹ́rẹ́ tàbí wọn ibà rẹ̀. Ìwé pélébé kan tó: wọ́ọ̀dù, ibùsùn, orúkọ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe ń pè é, orin mẹ́ta ní títẹ̀léra, nítorí ẹ lè má ní àkọ́kọ́, àti ẹni tó fẹ́ kí. Àìsàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀, kò sì gbọdọ̀ sí níbẹ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀ kí ẹ tó jáde: wákàtí méjì jẹ́ ìṣẹ́jú 120; orin kan ìṣẹ́jú 3, ọ̀rọ̀ ẹnu ìṣẹ́jú 1, 30 ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tó gba 60 ti já ènìyàn 30 kulẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn á sì ti lọ sílé kó tó di ọ̀la.

Ní ìṣẹ́jú 15 ṣáájú ètò, ẹ pe síìsítà wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, kí ẹ ka orúkọ fún un. Wọ́n ti lè gbé ẹnì kan lọ sí wọ́ọ̀dù mìíràn. Ẹnì kan sì ti lè kú. Bí ẹ bá kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé ara á yá, tí ìdílé rẹ̀ ṣì wà nítòsí ibùsùn náà, kò sí ẹ̀bẹ̀ tó lè gbé ọ̀rọ̀ yẹn padà.

Ẹ má ṣe fi ohun tó ń jáde lórí tábìlì ìdarí ohùn yín mọ̀ bóyá ètò ń lọ. Tábìlì lè máa kọrin dáadáa, kí wáyà tó ń lọ sí wọ́ọ̀dù ti já láti àárọ̀. Ẹ na wáyà kan padà láti wọ́ọ̀dù tó jìnnà jù wá sí stúdíò, kí ẹ máa gbọ́ tibẹ̀, tàbí kí ẹnì kan wà ní wọ́ọ̀dù pẹ̀lú hẹ́dìfóònù. Bí ó bá sì di aago 10, tí wọ́n pa iná wọ́ọ̀dù, ẹ má fi nọ́ńbà yín lórí sókẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ ní dídákẹ́. Ẹ so BBC mọ́ ọn, ẹ rẹ ohùn sílẹ̀, kí ẹni tí oorun kò kùn lè rí nǹkan gbọ́, kí ẹ sì gba ẹ̀yìn ibùsùn kan kọjá láti gbọ́ bóyá ó wọlé, kí ẹ tó máa lọ sílé.